Fìdáù Ẹni Tí Kò Kú

Mùsbáù akọ̀wé ka lẹ́tà tó ti Ìlọrin wá dé àárín, ó bá gbójú kúrò nínú rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń jẹ́ Nímọ́tà, tó fẹ̀yìn ti ògiri nínú yàrá rẹ̀ ní Sabonjida, ní Tamale lẹ́yìn odi, ní kó máa kà á lọ, àbí ejò ló wà nínú rẹ̀ ni?

"Ìyá, wọ́n ní àwọn ti ṣe fìdáù yín. Wọ́n pa àgbò. Àbdùsàlámì ọmọ yín ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín."

"Háà! Èmi náà?"

Ẹ̀rín pa ìyá, àmọ́ ikọ́ ò jẹ́ kó rín in tán. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àyà ti ń dùn ún. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ojú rẹ̀ ló sì fẹ́ rí kó tó lọ. Ìdí tó fi ní kí Mùsbáù kọ̀wé pè é nìyẹn.

"Kí lo kọ sí i gan-an?"

"Mo ní ara yín ò yá, kó tètè máa bọ̀."

"O ti pa mí, Mùsbáù! O pa mí pátápátá!"

Tamale ni wọ́n bí Mùsbáù sí. Níbí, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ara rẹ̀ ò yá náà ni. Ṣùgbọ́n nílé, ní Ìlọrin, ta ni kò mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń pè ní àìsàn nínú lẹ́tà, kí ọmọ má baà dákú sọ́nà? Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú pamọ́ di ọjọ́ kejì. Kí ni Àbdùsàlámì tún fẹ́ sáré wá wò?

"Mú kálàmù rẹ. Kọ ọ́ pé: Àbdùsàlámì, olórí kunkun!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyẹn."

"Òkú kì í bú èèyàn, ọmọ mi. Máa kọ. Ta ló rán ọ ní àgbò? Ẹran wo lo bù fún mi níbẹ̀? Àyà ló ń dùn mí. Tí o bá jẹ́ kí n kú lóòótọ́ kí o tó dé, èmi pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀!"

Mùsbáù kọ gbogbo rẹ̀. "Ṣé ó máa wá báyìí?"

"Á wá. Èmi ni mo bí i."

Ó lé díẹ̀ lóṣù kan, Àbdùsàlámì bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, eruku pupa bò ó lórí bò ó lẹ́sẹ̀. Ó wọlé, kò dọ̀bálẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Abẹ́ aṣọ ìbora ló tọwọ́ bọ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ó gbóná," ó ní. "Ìyá, ẹsẹ̀ yín gbóná."

Ó bú sẹ́kún. Ìyá fẹ́ bú u, ẹkún ni kò jẹ́.