Tẹlifíṣàn Bàbá Onípílásítà

Bàbá mi ò gbà pé nǹkan kan wà láyé yìí tí pílásítà ò lè wò sàn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, egbò ni wọ́n sì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn dì. Ìgbà tí wọ́n wá jókòó sílé tí wọn ò rí egbò dì mọ́, wọ́n kọjú sí ohun èlò ilé. Bókẹ́ẹ̀tì tó sán, pílásítà. Apá dígí ojú wọn tó kán, pílásítà. Ẹsẹ̀ àga tó ń mì, wọ́n fi pílásítà wé e bí ẹsẹ̀ ẹni tó jábọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Onípílásítà ni àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n, wọ́n á sì jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìyá mi nìkan ni pílásítà ò rí nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ wọn. Ojú wọn ló ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà sọ pé èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, kí wọ́n máa tọ́jú èyí tó kù. Èyí tó kù náà, nǹkan gbàǹgbà nìkan ló ń rí: ilẹ̀kùn, fèrèsé, ènìyàn tó dúró gbọnrangandan, ṣùgbọ́n kò ní rí ojú onítọ̀hún. Ohùn ni wọ́n fi ń dá àwa ọmọ wọn mọ̀.

Àbúrò mi obìnrin wá bímọ sí ìlú òkèèrè tó ń gbé. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ nínú ilé wa nìyẹn, nítorí èmi ò tíì ṣe tèmi, ẹ má sì bi mí. Ìgbàkígbà tí àbúrò mi bá fi fóònù pè wá tòun tàwòrán, Ìyá á gbé fóònù náà súnmọ́ imú, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín!" Bẹ́ẹ̀ ọmọ ń ké bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun. Ìyá wa ò rí ọmọ-ọmọ wọn, àwa ni wọ́n tún ń parọ́ tù nínú.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé kọ̀ǹpútà mi wá sílé lọ́jọ́ Sátidé kan. Tẹlifíṣàn ilé wa fẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó gba ògiri pálọ̀ tán. Bàbá rà á nítorí bọ́ọ̀lù. Mo ra wáyà tó ń gbé àwòrán láti inú kọ̀ǹpútà bọ́ sínú tẹlifíṣàn, mo sì bá àbúrò mi ṣàdéhùn pé kó pè lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ọmọ bá jẹun, kí oorun tó gbé e. Bí oorun bá gbé ọmọ yẹn, ó di ọjọ́ mìíràn, ojú Ìyá kì í sì í dúró de ọjọ́ mìíràn.

Mo bá Ìyá lórí àga tí wọ́n ti fà súnmọ́ tẹlifíṣàn. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti para.

"Ṣé òun náà á rí mi?"

"Á rí yín, Mà."

"Ó dáa tí mo lẹ àtíkè."

Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú wọn ń lọ sí aago. Bọ́ọ̀lù kan wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá. Rìmóòtù wà nínú àpò àyà wọn, níbi tó máa ń wà. Òun náà ti gba pílásítà, bọ́tìnnì díẹ̀ ló yọjú síta. Mo rò pé ó sán ni.

Mo ki orí wáyà kan bọ kọ̀ǹpútà, mo ki ìkejì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn ò mira. Ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣèlérí òjò. Mo yọ ọ́, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo tún ki í bọ̀ ọ́. Òjò ṣì ń bọ̀.

"Wáyà yẹn ti já nínú," Bàbá wí. "Gbé e wá kí n bá ọ dì í."

"Bàbá, tuntun ni."

"Tuntun kì í já ni?"

Mo gbé ìbínú mì. "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, bọ́tìnnì kan máa ń wà lára rìmóòtù, òun la fi ń sọ fún tẹlifíṣàn pé ibòmíì ni kó ti gba àwòrán. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Bàbá gbé ọwọ́ lé àpò àyà. "Tiwa ò ní irú ẹ̀."

"Gbogbo wọn ló ní i."

"Mo ní tiwa ò ní!"

Mo padà sẹ́yìn tẹlifíṣàn, mo ń tú wáyà, mo ń so ó, òógùn ń bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àbúrò mi ti pè.

"Ẹ ń lẹ́ o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yára, ojú ẹ̀ ti ń kún fún oorun!"

Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà, tòun ti wáyà tó so ó mọ́ tẹlifíṣàn, sórí ẹsẹ̀ Ìyá. Wọ́n tẹrí ba títí imú wọn fi kan ojú rẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń..." Ìyá wí. Wọ́n gbé orí sókè. "Mi ò rí i. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò rí i rí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, etí lèmi fi ń wá a."

Omijé bọ́ lójú mi, mi ò tiẹ̀ nù ún. Nígbà tí mo wo apá ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n ti dìde. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé òwú àti ìgò sìpírìtì wọn jáde, wọ́n tẹ́ rìmóòtù sórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú pílásítà lára rẹ̀.

"Bọ́tìnnì burúkú náà wà níbí," wọ́n wí, wọn ò wojú mi. "Ẹnì kan ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ló bá pa tẹlifíṣàn. Mi ò rí àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí oníṣẹ́ jí i, mo dì í pa, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Bàbá! Ẹ sì ní kò sí níbẹ̀!"

"Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má pariwo mọ́ mi." Wọ́n fi òwú tó rin fún sìpírìtì nu etí pílásítà náà, wọ́n ń ká a díẹ̀díẹ̀. "Pẹ̀lẹ́. Ó ti fẹ́ tán. Pẹ̀lẹ́." Rìmóòtù ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o.

Nígbà tí bọ́tìnnì náà yọ, Bàbá wo tẹlifíṣàn wọn bí ẹni tó ń dágbére. "Bó bá máa kú, kó kú," wọ́n wí. Wọ́n dijú, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ojú tẹlifíṣàn ṣú dúdú. Ọkùnrin ojú ọjọ́ bá òjò rẹ̀ lọ.

"Ó ti kú," Bàbá wí.

"Ẹ tún un tẹ̀!"

Wọ́n tún un tẹ̀. Lójijì ni ọmọ náà gba gbogbo ògiri pálọ̀: ojú méjì, imú kan, ẹnu tó ń yán. Èmi gan-an sún sẹ́yìn.

Ìyá gbé kọ̀ǹpútà fún mi. Wọ́n dìde, wọ́n rọra lọ títí wọ́n fi dé iwájú tẹlifíṣàn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Wọ́n fa etí ìró wọn yọ, wọ́n fi nu ẹnu rẹ̀.

"Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀," Ìyá wí. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí i ni?"

Àbúrò mi ń sunkún níbi tó wà, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. "Mo rí i, Mà. Mo rí i."

"Gbogbo yín ní ó jọ mí. Òpùrọ́ ni yín! Ẹ wo iwájú orí tó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Orí Bàbá yín rèé." Ọ̀rọ̀ náà wá rọlẹ̀ lẹ́nu wọn. "Àbí mo ti gbàgbé? Ó pẹ́ tí mo ti rí orí ọ̀hún."

Wọ́n wo ọmọ náà títí oorun fi gbé e, kò sì sí ẹni tó kánjú. Nígbà tí àbúrò mi dágbére, Bàbá na ọwọ́ sí rìmóòtù, nítorí àkókò bọ́ọ̀lù ti tó. Mo ní kí wọ́n ṣì dúró. Mo ṣí ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń yàwòrán, mo sì yí i sí wọn.

Bàbá rí ara wọn lójú tẹlifíṣàn, wọ́n fi ọwọ́ bojú. "Kí lo ń ṣe yìí? Mi ò tíì fá irùngbọ̀n!"

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, Bàbá àwọn ọmọ," Ìyá wí.

Wọ́n gbé e kúrò. Ìyá wò wọ́n títí: iwájú orí, irùngbọ̀n funfun tó hù ní gátagàta, dígí tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ti darúgbó o."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò mọ̀, mi ò rí ara mi." Ìyá súnmọ́ tẹlifíṣàn sí i. "Kí ló wé mọ́ etí dígí yín yẹn?"

"Pílásítà ni."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn mú. Láti ilé kejì la ti gbọ́ ariwo pé wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé. Bàbá gbọ́ ọ, mo rí i pé wọ́n gbọ́ ọ.

"Ẹ má tíì dìde," Ìyá wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò yín dáadáa."

Bàbá gbé rìmóòtù sílẹ̀, wọ́n tún dígí wọn tò, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́.