Iyán Abẹ́ Wáyà

Pẹ̀lú ìbínú ni Àdíját fi jí lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ níléeṣẹ́ iná ti kọ ọ́ sínú ìwé pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí wọ́n lọ wọn ilé Alàájì Sàlàkọ́ ní Ìgàndó, Àdíját sì mọ̀ dájú pé bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láago mẹ́jọ, ilé náà yóò yege. Kò fẹ́ kó yege. Ogún ọdún ló ti ń gbàdúrà kó má yege.

Wáyà ńlá tó gba orí ilé náà kọjá kì í ṣe wáyà àdúgbò. Orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ló ń gbé iná lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ a sì máa tan jẹnẹrétọ̀ wọn. Lọ́dún yìí ni wọ́n tún òpó àti wáyà ọ̀hún ṣe, kó lè máa gbé ìlọ́po méjì iná àtẹ̀yìnwá sọdá ibodè. Bẹ́ẹ̀ iná tó bá pọ̀ nínú wáyà a máa mú un gbóná, wáyà tó bá sì gbóná a máa gùn, a sì máa sọ̀ sílẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí. Òfin ní kí àlàfo òrùlé àti wáyà má dín ní mítà méje. Láàárọ̀, tí ara wáyà ṣì tutù, òrùlé Sàlàkọ́ yóò fi ìwọ̀nba díẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n láago mẹ́wàá ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ tú iná tuntun sí i, kí wọ́n dán an wò. Bí oòrùn ọ̀sán bá tún wá bá a níbẹ̀, Sàlàkọ́ wọ gàù.

Àdíját ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kó di ọ̀sán. Ọ̀gá ní rárá. Àdíját kò sì lè sọ ìdí fún un.

Ìdí náà kò ju yàrá méjì lọ. Orí ilẹ̀ tí Sàlàkọ́ kọ́lé sí yìí ni yàrá méjèèjì ìyá Àdíját wà rí, níbi tí opó náà ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ oláṣọ, nítorí pé iná tó ń gba orí rẹ̀ kọjá kò fìgbà kan sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Sàlàkọ́ ni alága àwọn onílé nígbà náà. Òun ló mú àwọn tó gbé ọ̀dà pupa lọ síbẹ̀, tó ní ilé obìnrin náà ti sún mọ́ wáyà jù. Nígbà tí katapílà dé, ìyá Àdíját kúnlẹ̀, ó bi Sàlàkọ́ pé níbo ni kí òun àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sùn. Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ Ọlọ́run fẹ̀ o, ìyá."

Kò pé ọdún kan tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fi hù síbẹ̀. Nígbà tó yá ó tún gbé àjà kẹta lé e, ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ayálégbé, ó ní òun nìkan ni yóò máa gbé òkè. Yàrá kan tí wọ́n háyà ní Bárúwà ni ìyá Àdíját kú sí. Ọjọ́ tí Àdíját kọ́kọ́ ka òfin iṣẹ́ rẹ̀ ló tó mọ̀ pé ilé ìyá òun, ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ọwọ́ ń tó òrùlé rẹ̀, kò rú òfin kankan. Lọ́jọ́ náà, ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì ló sá sí, ibẹ̀ ló ti sunkún.

Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ni òun àti Olútáyọ̀ dé. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ló ń lo ẹ̀rọ ìwọ̀n. Àdíját ti pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ìkùnsínú ló wọn ilé.

Sàlàkọ́ jáde sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò dá Àdíját mọ̀. Ta ni yóò dá ọmọ oníáyọ́ọ̀nù mọ̀ nínú bàtà ńlá àti akoto?

"Ẹ káàárọ̀, mádáàmù. Ẹ ò ní fi ebi ṣiṣẹ́ nílé mi o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gúnyán."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná," ni Olútáyọ̀ wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni jàre."

Sàlàkọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa báàgì ẹ̀rọ náà dé. Ó ti dá a lójú pé ẹni tó bá jẹ iyán òun kò ní lè kọ ohun burúkú nípa ilé òun. Àdíját tújú ká.

"Olútáyọ̀, àbí a ó kọ oúnjẹ àgbà ni?"

Ìyàwó Alàájì, Mọ̀dínátù, lọ ra iṣu ní Ìkọ̀tún. Aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó dé. Ó bẹ iṣu, ó sè é. Láago mẹ́wàá, Àdíját gbọ́ tí wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lókè. Ìró odó gba ilé kan, Alàájì sì ń fi ọ̀rọ̀ dá wọn lára yá.

"Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí. Obìnrin oníáyọ́ọ̀nù kan ló ń gbébẹ̀ rí. Ilé jákujàku! Èmi ni mo bá wọn lé e."

Iyán dé, ẹ̀gúsí dé. Àdíját fi tipátipá gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì. Ó ń rọra jẹun bí ẹni tí eyín ń dùn. Òkèlè kan, wáyà sọ̀ díẹ̀. Òkèlè mìíràn, ó tún sọ̀.

"Alàájì, iyán yìí mà dùn o. Ṣé ó kù?"

Inú Alàájì dùn dé eyín. Ó pariwo pé kí wọ́n gún òmíràn. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́ féélì féélì. Ọkùnrin yìí tún wá ń gún un ní àgúntúngún.

Ó kírun Àílà ọ̀sán tán kó tó tú wọn sílẹ̀. Olútáyọ̀ wọ̀n ọ́n, ó bojú wo Àdíját.

"Àǹtí, mítà mẹ́fà àti ààbọ̀ ni."

"Tún un wọ̀n."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n. Mẹ́fà àti ààbọ̀ ni. Olútáyọ̀ gun òkè lọ, ó fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sí ara àjà kẹta, àjà tí Alàájì ń gbé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ṣẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ iyán mi!" ni Sàlàkọ́ kígbe.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Olútáyọ̀ tí kò mọ nǹkan kan wí. "Ooru ló mú kí wáyà sọ̀. Ká ní ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n láago mẹ́jọ ni, ó ṣeé ṣe kó yege."

Sàlàkọ́ wo àwo iyán. Ó wo òkè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mádáàmù, níbo lẹ fẹ́ kí n máa sùn?"

Àdíját ṣí akoto lórí, ó jẹ́ kó rí ojú òun dáadáa.

"Ilẹ̀ Ọlọ́run fẹ̀ o, bàbá."

Ẹnu Sàlàkọ́ là sílẹ̀. "Ọmọ... ọmọ Ìyá Oníáyọ́ọ̀nù?"

"Èmi ni, Alàájì. Ẹ ṣeun oúnjẹ."

Mọ̀dínátù, tí kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ti di èyí tó kù sínú kúlà fún wọn. Àdíját kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nínú mọ́tò, Olútáyọ̀ bi í bóyá ó mọ bàbá náà rí.

"Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Ó ṣí kúlà náà lórí itan rẹ̀. Ebi kò pa á, ṣùgbọ́n ó bu òkèlè kan. Iyán ọ̀hún ṣì gbóná.