Ìwúkàrà Màmá

Búrẹ́dì ọ̀hún kéré jù fún páànù tí wọ́n fi yan án. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wú, wọ́n yọrí lẹ́nu páànù. Òun nìkan ló jókòó sísàlẹ̀ bí ọmọ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀. Ó pọ́n dáadáa o. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ìyàwó dúró níwájú rẹ̀ tòun ti aṣọ ìgbékòkò lọ́wọ́.

"Ta ló mọ eléyìí?" ló béèrè.

"Èmi ni," Àǹtí dáhùn láti ìdí kántà. "Mo bá ìṣù ìyẹ̀fun pípò kan lábẹ́ aṣọ funfun nínú abọ́. Mo ní ìyàwó wa ti tún gbàgbé ọ̀kan. Mo bá ọ mọ ọ́n, mo bá ọ tì í sínú ààrò. O ò sì ní dúpẹ́."

Ìyàwó kò dúpẹ́. Ó rọra jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó káwọ́ lérí.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ilé yẹn nìyẹn, Ìyàwó, láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọkùnrin ilé. Ọkọ rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ń tajà níwájú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n Màmá, ìyá ọkọ, ló ni iṣẹ́. Màmá kì í ra ìwúkàrà inú ọ̀rá. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó mọ búrẹ́dì, yóò gé ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, yóò sọ ọ́ sínú ìkòkò amọ̀, yóò dé e. Èyí ni yóò mú ti ọ̀la wú. Ti ọ̀la ni yóò mú ti ọ̀tunla wú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Búrẹ́dì òní, ọmọ búrẹ́dì àná ni.

Nígbà tí Màmá ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fa Ìyàwó lọ́wọ́ sẹ́yìn ilé. "Mi ò fi ilé lé ọ lọ́wọ́," ó ní. "Ọkọ rẹ ló ń ṣọ́ ilé. Mi ò fi kántà lé ọ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ló jókòó tì í. Ìwúkàrà yìí ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó kú."

Láàárọ̀ yìí wàyí, búrẹ́dì tí iléèwé ní kí wọ́n yan pọ̀ jọjọ, Àǹtí sì wọ ẹ̀yìn wá láti ràn án lọ́wọ́, ohun tí kì í sábà ṣe. Iṣẹ́ ká Ìyàwó mọ́ débi pé inú abọ́ ló kọ́kọ́ sọ ìṣù náà sí, ó ní bí òun bá ti ṣe tán òun á gbé e sí ìkòkò. Àwọn méjèèjì ló yan án pọ̀, bí a bá fẹ́ sòótọ́: ọ̀kan fi í síta, èkejì fi í síná.

"Àǹtí," Ìyàwó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "ìwúkàrà Màmá lẹ mọ yẹn."

Àǹtí fi kántà sílẹ̀, ó wá wo búrẹ́dì náà. Ó wò ó títí. "Kò sí òmíràn?"

"Kò sí, mà. Òun nìkan ni."

"Ó dáa. Wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá ní òpópónà kejì. A ó ra tiwọn. Màmá ò lè mọ̀, ojú wọn ò tíì ríran tán."

"Ojú ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, Àǹtí. Wọn ò yọ imú wọn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àǹtí, kò jẹ́ kó jáde.

Àkókò yẹn ni Tíṣà wọlé. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ. Àràárọ̀ ló máa ń wá ra búrẹ́dì kan, tí á fi wákàtí kan jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, tí á máa bá Àǹtí jiyàn. Ó rí ojú wọn. "Ta ló kú?"

"Ẹ bi ìyàwó wa," Àǹtí dáhùn. "Ó ń ṣọ̀fọ̀ ìyẹ̀fun. Tíṣà, ẹ bá mi là á yé e. Ìyẹ̀fun àti omi ni. Ohun tí kò láyè rí, báwo ló ṣe fẹ́ kú?"

Tíṣà jókòó kó tó dáhùn. "Ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ni pé ohun abẹ̀mí á máa jẹun, á máa mí, á máa dàgbà, á máa bímọ, á sì máa yàgbẹ́."

"Ó ń jẹun, sà," ni Ìyàwó wí. Kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé egungun. "Bí a ò bá fún un ní ìyẹ̀fun, á rẹ̀ ẹ́. Ó ń mí, òun ló ń gbé aṣọ orí rẹ̀ sókè. Ó ń dàgbà. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ọmọ rẹ̀."

"Ṣé ó ń yàgbẹ́?" Àǹtí béèrè.

"Omi kíkan tó máa ń wà lójú rẹ̀ ńkọ́?"

"Jọ̀ọ́, mò ń ta búrẹ́dì níbí." Àǹtí fọwọ́ nu kántà, ó rò ó díẹ̀. "Iná inú ààrò náà ń jẹ igi. Bí atẹ́gùn ò bá sí, á kú. Á dàgbà, á bí òmíràn bó bá ta sí nǹkan. Eérú sì rèé, èmi ni mò ń kó o. Ṣé iná náà wà láàyè?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an ní kíláàsì."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Tíṣà ní, "Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Mo ní hóró ẹ̀wà nínú ìgò lórí tábìlì mi. Kò jẹun, ojú wa ò rí i kó mí, kò dàgbà. Bá a bá tẹ̀ lé ohun tí mo kọ́ wọn, òkúta ni. Ẹ gbìn ín, ẹ wá wò ó. Torí náà, mi ò mọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ báyìí."

Hóró ẹ̀wà yẹn kò kúrò lọ́kàn Ìyàwó. Ó ń fọ páànù, ó ń rò ó. Ohun tó gbẹ tí kò kú. Níbo ni ìwúkàrà Màmá ti lè gbẹ sí? Ó fọ abọ́ tán, ó fọ ọpọ́n irin tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun tán, ó sì rántí pé ọpọ́n irin yìí kọ́ ló kọ́kọ́ wà nílé yìí. Ó sáré lọ sẹ́yìn. Ọpọ́n onígi àtijọ́ wà lábẹ́ igi ìdáná, ó ti là ní ìdí, aláǹtakùn ti fi ṣelé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ibi tó sán, ìyẹ̀fun àtijọ́ gbẹ mọ́ ọn, ó le koránkorán, ó ṣe eérúeérú bí ọ̀dà tó fẹ́ ṣí. Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

"Kí nìyẹn?" ni Àǹtí béèrè nígbà tó gbé e wọlé, ẹ̀kúnwọ́ kan bí ẹfun tí wọ́n lọ̀.

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Èmi mọ̀. Ìdọ̀tí ni."

Ìyàwó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò níbi tí ooru rẹ̀ rọra ń dé. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n má tíì sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù, kí ìbànújẹ́ má lọ ba ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe jẹ́. Ìwúkàrà inú ọ̀rá ni wọ́n ń lò lásìkò yìí. Búrẹ́dì ń wú, àwọn èèyàn ń rà, ṣùgbọ́n Tíṣà kì í pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Ní àràárọ̀, Ìyàwó á bu ìyẹ̀fun àti omi fún ìgò. Ní àràárọ̀, Àǹtí á kí i: "Ìyá olókùúta, ọmọ ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, mà."

"Ó kí mi bí?"

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, omi dúdú kan wá sójú rẹ̀, òórùn sì bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí í lé àlejò jáde nílé. Àǹtí fi ìdí aṣọ bomú. "Ó tán. Ó ti ń rà. Òkú ni, ìyàwó wa. Lọ dà á nù, ká sinmi."

Ìyàwó gbé ìgò náà dé ibi tí wọ́n ti ń da omi ìdọ̀tí. Ó yí i dání. Ó ti ń rí ojú Màmá, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá náà ò ní sọ, èyí tó burú ju èyí tí yóò sọ lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà.

"Òkúta kì í rùn, Àǹtí."

"Kí lo wí?"

"Òkúta kì í rùn. Bí nǹkan bá ń rùn, nǹkan kan ló ń jẹ nǹkan níbẹ̀. Mi ò mọ èyí tó ń jẹun nínú wọn, tiwa ni o, àjèjì ni o. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ń lọ." Ó da omi dúdú yẹn nìkan nù, ó bu ìyẹ̀fun tuntun sí ìyókù, ó gbé e padà sídìí ààrò. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí kò pè é ní ìyá olókùúta mọ́.

Àǹtí náà ló kọ́kọ́ rí i. Ìyàwó ń gbálẹ̀ níwájú nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn jẹ́jẹ́ tí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ìyàwó. Máa bọ̀. Nǹkan kan ń mí níbí."

Ó bá Àǹtí lórí ìkúnlẹ̀, tó gbé etí sí ìgò. Ìwúkàrà náà ti gun ìgò dé ọrùn, ó ti ti aṣọ orí rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Ihò róbótóróbótó ń là lójú rẹ̀, wọ́n ń bẹ́, òmíràn ń là. Òórùn burúkú ti lọ. Ó ń ta kíkan, ó ń ta bí èso tó pọ́n. Ìyàwó kúnlẹ̀ tì í, àwọn méjèèjì sì gbé etí wọn síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ, ṣìì, ṣìì, bí ọmọdé tó ń sùn.

Oníbàárà kan lu kántà níwájú. "Ẹ ní sùúrù," Àǹtí dá a lóhùn láì dìde. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

Nígbà tí Tíṣà gbọ́, ó wá wò ó, ó ṣí fìlà fún ìgò. Ìyàwó sọ fún un pé òun ti ro ọ̀rọ̀ iná. "Bí iná bá kú, sà, tí a tún un dá, iná mìíràn ni. Kò jọ ti àná, kò ní ìyá. Ṣùgbọ́n bí eléyìí bá jẹ́ ti Màmá, á jọ ọ́."

"Ta ni yóò mọ̀ bó bá jọ ọ́?"

"Màmá fúnra wọn."

Màmá dé pẹ̀lú awò dúdú lójú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dì í lọ́wọ́ mú. Kí wọ́n tó kí ara wọn tán, Ìyàwó ti gbé búrẹ́dì gbígbóná tí ìwúkàrà inú ìgò mú wú ka iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Màmá bù ú, ó fi sí imú, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró, ó ṣí awò ojú rẹ̀ kúrò.

"Ta ló gbé ọpọ́n ìyá mi wọlé?"

Wọ́n bá rò ó fún un, Àǹtí ń sọ ẹ̀bi tirẹ̀, Ìyàwó ń sọ tirẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà lórí ẹni tó jẹ̀bi jù. Màmá gbọ́ títí. Omi ti gba ojú tuntun náà. "Ìgbà tí mo ra ọpọ́n irin ni adùn yìí ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Mo rò pé ẹnu mi ló darúgbó ni. Búrẹ́dì ìyá mi rèé. Ìgbà tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn, ọmọge ni mí."

"Ilé ọba tó jó," Àǹtí wí, "ẹwà ló bù sí i."

"Kì í ṣe ìwọ tó tiná bọ̀ ọ́ ló yẹ kó pa òwe yẹn," ni Màmá dá a lóhùn. Ilé bú sẹ́rìn-ín, ọkọ Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Màmá ní, "Ó dáa. Gbé e sí ìkòkò, dé e pa. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó wà."

"Rárá, mà," ni Ìyàwó wí.

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó wolẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà ni kò fi ṣẹ́ kù, mà. Mo fẹ́ gé e. Kí ọ̀kan wà nínú ìkòkò yín, kí Àǹtí gbé ọ̀kan lọ sílé wọn, kí Tíṣà náà mú ọ̀kan. Bí tiwa bá kú, a ó lọ tọrọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Ìyá mi ò fún ẹnikẹ́ni rí," ni Màmá wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Èmi náà ò fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìwọ."

Ìyàwó gbé ìkòkò sórí tábìlì. Ó ki ọ̀bẹ bọ omi kó má baà lẹ̀, ó fi ojú wọ̀n ọ́n lọ́gbọọgba, ó gbé ọ̀bẹ lé ìṣù náà. Màmá sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó sì tẹ orí ba kó lè ríran dáadáa.

"Ṣe ti Tíṣà kó tóbi díẹ̀," ó ní. "Ọkùnrin tó ń dá gbé, ìdajì nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́."