Ta Ni Ó Pa Kámẹ́rà Kẹrin?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Bélú, Gbémisọ́lá Àríyọ̀, ẹni tí ń tọ́jú kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ṣakí, dúró sí ẹnu ọ̀nà àká ńlá tí ó wà ní ọ̀nà Ògbóòrò, ó ń wo bí wọ́n ti ń lu ènìyàn pa. Mùstàfá, ọlọ́dẹ àká náà, ni wọ́n dè mọ́ igi máńgòrò. Ẹ̀jẹ̀ ti di ojú rẹ̀ ọ̀tún, eyín rẹ̀ sì ti bọ́ sínú iyanrìn.

“Ta ni o ta àgbàdo wa fún?” Táíwò, tí ó ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀, tún gbé kùmọ̀ sókè.

“Táíwò, mo mọ bàbá rẹ. N kò mú hóró kan níbẹ̀.”

“Bàbá mi ti kú. Bí o bá dé ọ̀hún, kí o bá mi kí i!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kùmọ̀ náà balẹ̀, egungun apá Mùstàfá sì dún bí igi gbígbẹ.

Ní àná, nígbà tí Mùstàfá lọ kí ìrun Jímọ̀, ẹnìkan kó gbogbo àpò àgbàdo inú yàrá kẹrin lọ. Kámẹ́rà kẹrin, tí ó dojú kọ yàrá náà, kò rí nǹkan kan. Alága ẹgbẹ́ wọn, Olúkúnlé Ìyápọ̀, sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọ̀bẹ ìdí Mùstàfá ni ó fi gé okùn kámẹ́rà kí ó tó jáde. Inú àjà ni okùn náà gbà kọjá. Kò sì sí ẹni tí ó gòkè lọ wò ó.

Gbémisọ́lá sáré wọ inú ọ́fíìsì, ó sì so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ súwíìṣì, àpótí irin pẹlẹbẹ tí okùn gbogbo kámẹ́rà ti pàdé. Ohunkóhun tí ó bá ṣe okùn kan, ẹ̀rọ náà a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí eku bá jẹ okùn, tàbí tí ọ̀bẹ gé e, yóò kọ pé okùn já. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó tí ó pàṣẹ pé kí kámẹ́rà sùn, yóò kọ pé alákòóso ni ó pa á, yóò sì fi orúkọ ẹni náà sí i. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ka méjèèjì sí ohun kan náà, nítorí pé kámẹ́rà kì í ríran nínú èyíkéyìí.

Ó kà á. Ó tún un kà. Okùn kò já; alákòóso ni ó pa á, orúkọ kan sì wà níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ẹni náà ní àṣẹ yẹn. Ìdí ni pé bí àwọn àgbà bá fẹ́ ṣe ìwúre iṣu tuntun nínú àká, wọn kì í fẹ́ kí ojú kámẹ́rà rí i. Ṣùgbọ́n a ti jẹ iṣu tuntun láti oṣù Ògún.

“Kí ni ẹ̀rọ náà wí?” Alága ti wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá Mojọlá, okùn kò já.”

“Èmi àti ìwọ nìkan ni a mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọlé sí i. Bí o bá jáde tí o ní ènìyàn ni ó pa á, ta ni o rò pé wọn yóò kọ́kọ́ dáná sun?”

“Wọn yóò pa Mùstàfá, sà.”

Alága gbá a létí, ètè rẹ̀ sì bẹ́. “Ta ni ó rán ọ ní ilé ìwé? Ta ni ó sin ìyá rẹ?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ó dára. Jáde, kí o sọ fún wọn pé ọ̀bẹ ni.”

Nígbà tí ó jáde, táyà ti wà ní ọrùn Mùstàfá, òórùn bẹntiróò sì gba gbogbo àgbàlá. Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ gbá a dànù. Gbémisọ́lá lọ dúró láàrin Táíwò àti igi náà, kọ̀ǹpútà sì wà ní àyà rẹ̀.

“Ọ̀bẹ kọ́!” ni ó kígbe.

“Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀ o. Iná kì í mọ ẹni tí ó kàwé.”

“Táíwò, ṣé olè ni o ń wá, àbí ẹran tí o fẹ́ sun? Ẹ̀rọ yìí kọ orúkọ ẹni tí ó pa kámẹ́rà. Da bẹntiróò yẹn nù, kí o kó ìṣáná fún Àdìjátù, kí gbogbo wa sì dúró de ọlọ́pàá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sun àwa méjèèjì, o kò ní mọ̀ láéláé.”

“Irọ́ ni!” Alága ké láti ẹnu ọ̀nà. “Òun ni ó ń ṣàkóso ẹ̀rọ, òun ni ó pàṣẹ tí ó pa á!”

Òkúta kan fò wá, ó sì ba Gbémisọ́lá ní èjìká. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò. Táíwò na ọwọ́ sókè kí òmíràn má baà tẹ̀ lé e, ó sì yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

“Alága, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àṣẹ ni wọ́n fi pa á. Ṣé ẹ kò wí láàárọ̀ pé ọ̀bẹ ni?”

Táíwò da bẹntiróò náà sínú iyanrìn títí ó fi tán, ó sì ju ìṣáná sí Àdìjátù.

“Ó ku ẹ̀yin, Àǹtí.”

Gbémisọ́lá nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ yẹn ní gbangba rí. Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà.

“Olúkúnlé Ìyápọ̀,” ni ó wí, “ẹ̀gbọ́n ìyá mi.”