Ọkàn Àwọn Ọmọ Eku

"Ó tún falẹ̀, àbí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyọdé béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Inú bàbá náà ń dùn. Láti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Èyítọ́pẹ́, ti ń fi ẹ̀rọ síkáànù wo ọkàn àwọn ọmọ eku ní yàrá ìwádìí wọn ní Benin, ohun kan náà ló ń rí: àwọn tí ìyá wọn mu àgbo aláboyún tí wọ́n ń tà ní ọjà Uselu, ọkàn wọn kì í yára lù bíi ti àwọn yòókù. Iṣẹ́ tí yóò fi gba oyè dókítà nìyẹn, ó sì ti pẹ́ lórí ẹ̀ débi pé ìyá rẹ̀ ti yé béèrè ìgbà tí yóò parí. Lọ́la ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò lọ ka àbájáde náà fún àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn.

Èyítọ́pẹ́ ní ó falẹ̀ lóòótọ́. Bàbá lọ. Ìbọ̀wọ́ ti tán lọ́jọ́ náà, ọwọ́ lásán ló fi bu jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ọmọ eku láyà kí àwòrán lè hàn. Jẹ́ẹ̀lì náà tutù rinrin. Ta ló ń fi í sí fíríìjì? Òun náà ni, nítorí ooru. Òwúrọ̀ ló máa ń wo àwọn ọmọ alágbo, nígbà tí jẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọ̀sán ló máa ń kan àwọn yòókù, nígbà tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ tí kò tíì hu irun, tí wọ́n fi nǹkan tútù pa láyà, báwo ni ọkàn rẹ̀ á ṣe yára?

Ó ki ike jẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ó sì tún ọmọ alágbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán wò. Ọkàn rẹ̀ ń sáré kítíkítí. Òmíràn, bákan náà. Ó jókòó, ó sunkún. Iṣẹ́ ọdún gbáko ti wọmi.

Ó lọ ṣàlàyé fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá ní kí àwọn ka ohun tó wà nílẹ̀ ná, àwọn á tún un ṣe tí òun bá ti Ìbàdàn dé. Ó ní bí wọ́n bá dá a dúró báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Èyítọ́pẹ́ padà sí yẹn.

"Mo mọ̀, sà."

"Rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó, sà. Tí ẹ bá máa kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Bàbá dìde, ó tẹ̀ lé e wọ yàrá eku, ó sì fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ìbàdàn lè dúró ná. Gbé ọmọ tó kàn wá."