Jíìnì Mẹ́ta Tí Kò Múlé Ti Ara Wọn

Ìlà kẹta tún ṣókùnkùn. Lórí jẹ́lì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ jíìnì wò, tí obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà gbé sórí iná aláwọ̀ búlúù, ìlà kìíní tàn yòò, ìkejì náà tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta dà bí fèrèsé ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ti kó lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìwádìí náà, àfi fìríìjì tó ń kùn.

Òkùnkùn yẹn gan-an ló ti ń wá. Ẹ̀dá tín-tìn-tín kan ló ń sìn nínú omi gbígbóná tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀kan lára àwọn ákíà tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n jọ bakitéríà, àmọ́ bí a bá wo jíìnì tí wọ́n fi ń ṣe ríbósómù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń hun purotéènì nínú gbogbo ohun alààyè, àwa èèyàn ni wọ́n bá tan jù. Lára ọ̀pọ̀ ákíà, mẹ́ta pàtàkì nínú àwọn jíìnì wọ̀nyí máa ń fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bí ọmọ ìyá lórí ẹní kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára bakitéríà. Ìtò náà ti pẹ́ láyé. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Lára ẹ̀dá tirẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ká ní wọ́n múlé ti ara wọn ni, ìlà kẹta, tó ń wá ibi tí wọ́n ti so pọ̀, ì bá tàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n ní. Ọwọ́ ẹ̀dá yìí ò gbájọ, ó sì ń sọ̀yà.

Ọ̀gá rẹ̀ wọlé, ó bẹjú wo jẹ́lì náà, ó pàtẹ́wọ́.

"O ṣe é! Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mìíràn ti wà nílẹ̀ fún ọ níbí. Kí o fún mi lésì ká tó ṣíwọ́ lónìí."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago nílé wọn tó jìnnà, ẹni tó ń tọ́jú ìyá wọn láti ìgbà tí ìyá ti ṣubú nílé ìwẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá oníkòkòrò! Kí ni àwọn ọmọ yín jẹ lónìí?"

"Kì í ṣe kòkòrò, jọ̀ọ́." Ó ròyìn ohun tó rí. "Wọ́n jìnnà síra wọn, síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan ò já ọ̀kan kulẹ̀."

Kó tó pè ló ti to ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Òun ló fẹ́ fi ṣáájú, kó tó sọ pé òun fẹ́ lo ọdún mẹ́ta sí i.

"Ẹ dúró ná. Báwo ni ibi tí wọ́n wà ṣe tóbi tó?"

"Inú ẹ̀dá kan ṣoṣo ni. Kò tó orí abẹ́rẹ́."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà lẹ wá ń pè ní jíjìnnà? Àwọn tó wà nínú yàrá kan!"

Ohùn ìyá wọn dún láti ẹ̀yìn: "Ṣé ó ti dé?"

"Wọn ò tíì dé, mà. Wọ́n wà lójú ọ̀nà." Àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

"Kí lo sọ fún ìyá wa yẹn?"

"Ẹ má bínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè yín. Tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹun."

"Ìwọ ńkọ́? O ò béèrè mọ́."

"Èmi? Iṣẹ́ yín pọ̀ jàre, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Nígbà tí ìpè náà parí, ọ̀gá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé kí n kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta náà?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti ṣubú ló ti wà lójú ọ̀nà lẹ́nu àbúrò rẹ̀ nínú ilé yẹn, lójoojúmọ́, nígbà oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí.