Àmì Pẹ́ńsùlù Lẹ́yìn Òwú

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró kí ẹ̀rọ amúlégbóná Orest Pidlubny kú. Ẹ̀rọ náà kú ní oṣù kẹwàá, èmi ni Orest sì pè, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì mọ́ ní ìlú wa. Òun fúnra rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá, ẹni tó mọ iṣẹ́ lòun ń wá. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.

Bàbá mi, Metro Hnatiuk, ni ohun tó ti kọjá náà. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Orest. Páìpù funfun méjì ni ẹ̀rọ amúlégbóná ayé òde òní máa ń ní: ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé fún iná, èkejì ń tú èéfín síta. Nílé Màmá Paraska Yaremko, bàbá mi fẹ́ gbé ẹnu méjèèjì lọ sókè níbi tí yìnyín kò lè dé. Orest ní páìpù á pọ̀ jù, kó gbé e sí ìsàlẹ̀ fèrèsé ilé ìdáná. Bàbá mi jiyàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ wí. Ní oṣù kejì, yìnyín gbá jọ síbi ògiri náà, èéfín kò rí ọ̀nà lọ, ó gba ojú fèrèsé padà wọlé. Èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Wọ́n bá Màmá Paraska nílẹ̀ ilé ìdáná, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣàyẹ̀wò ìjọba béèrè ẹni tó yan ibẹ̀, Orest ní Metro ni, òun ò tiẹ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó lọ ń gbálẹ̀ ní ilé àká àlìkámà títí ó fi kú. Màmá Paraska kò kí ìyá mi mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jọ tan àbẹ́là níwájú àwòrán mímọ́ kan náà láìwo ojú ara wọn. Èyí ni mo fẹ́ gbẹ̀san rẹ̀. N kò fẹ́ owó Orest, n kò sì fẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Mo fẹ́ kí Màmá Paraska gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Orest gbé àga sínú yàrá abẹ́ ilé, ó ń wò mí bí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń gé páìpù, mo ń fá etí rẹ̀ kó dán, mo ń fi oje elésè àlùkò pa á kí n tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Oje yẹn kì í ṣí mọ́ láéláé. Àbàwọ́n rẹ̀ ni aṣàyẹ̀wò fi ń mọ̀ pé a ò fi oríkèé kankan ṣeré. Mo jẹ́ kí páìpù èéfín dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, kí omi inú rẹ̀ lè ṣàn sílé, kó má baà dì sẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá rẹ kì í yára báyìí,” ni Orest wí. “Á fi odindi òwúrọ̀ wọn páìpù kan, bí ẹni ń wọn aṣọ ìyàwó.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́, ọ̀gá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Nígbà tó kan ibi tí ẹnu páìpù yóò yọ sí, mo sọ fún un pé iwájú ilé ló dára, lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá yìnyín lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. Ó fajú ro. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pákó tuntun bo iwájú ilé náà ni, ṣé kí n wá gbé imú ẹlẹ́dẹ̀ sí i lójú ni? Ẹ̀yìn ilé ló fẹ́, ní ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé òfin iṣẹ́ gáàsì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn ti ń kó yìnyín gbogbo pápá wá sẹ́yìn ilé yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Orí òkìtì yìnyín ibẹ̀ ni mo ti ń yọ̀ wálẹ̀ ní kékeré, nígbà tí ilé wa àti ilé Orest ṣì ń bára wọn jẹun.

Mo tún mọ̀ pé ẹ̀rọ tuntun ní ìṣọ́ nínú: bí ẹnu páìpù bá dí, iná á kú fúnra rẹ̀. Kò sí fèrèsé lókè ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde lọ wò ó. Kò ní pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn gbọ̀n.

“Ẹ bá mi fi ibẹ̀ hàn, ọ̀gá, kí n má baà ṣì í.”

Ó dìde. Ó ṣe bó ti ń ṣe ní gbogbo ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí: ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fa àgbélébùú ńlá sára pákó inú ògiri níbi tí ihò yóò wà, ó kọ O.P. sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ oṣù. Kò lè ṣe kó má kọ ọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni bàbá mi ti rántí àmì yẹn, nígbà tó ti pẹ́ jù. Ó ní ọ̀kan wà nílé Màmá Paraska, lẹ́yìn òwú tí a fi ń dínà òtútù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí ará ilé Hnatiuk wọ ilé yẹn lọ fa òwú ya?

Mo lu ihò náà. Apá àgbélébùú gùn jù ú lọ, O.P. sì kù lábẹ́ rẹ̀. Mo fi òwú bò ó, mo kó irinṣẹ́ mi.

Láti ìgbà náà, bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, inú mi á máa dùn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ti ọjà bọ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì tiwa, nítorí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ń tẹ̀ lé, ni ó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìjì ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán, Slavka ìyàwó Orest pè mí: iná ti kú, àlejò ti dé, ọbẹ̀ ti ń tutù. Òtútù ìta le débi pé itọ́ á dì kó tó balẹ̀. Slavka kò ṣẹ̀ mí rí. Ó dùn mí fún un, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó.

Mo bá wọn tí wọ́n wọ kóòtù jókòó yí tábìlì ká. Koríko gbígbẹ wà lábẹ́ aṣọ tábìlì, àlìkámà olóyin wà láàárín, wọ́n ń retí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n ti tẹ́ àwo kan fún àwọn òkú, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ àwo náà ni Màmá Paraska jókòó sí, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ ọmọ Orest. Mo ti mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀. Ó rí mi, ó yíjú sí ògiri.

Mo lọ wo ẹ̀yìn ilé. Yìnyín ga dé àyà mi. Mo fi ṣọ́bìrì wa ẹnu páìpù jáde, mo padà wọlé, mo ní ibi tí a gbé e sí ni kò dára.

Orest wo àwọn àlejò rẹ̀, ó wò mí.

“Ẹ ò rí i?” ló wí. “Ẹ̀jẹ̀ Hnatiuk ni. Òun ló yan ibẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti yan ti Màmá. Èmi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún aṣàyẹ̀wò lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn náà ni. Ó dùn létí mi ju oyin lọ. Mo ní kí gbogbo wọn bá mi sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé kí wọ́n lè rí àṣìṣe mi. Orest ló kẹ́yìn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fa òwú náà ya. Àgbélébùú. O.P. Ọjọ́ oṣù. Slavka mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

“Irú rẹ̀ wà nílé yín, Màmá,” ni mo wí. “Ẹ ò wò ó rí ni.”

Orest ní ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà méjì. Màmá Paraska so ìborùn rẹ̀, ó ní kí n gbé òun lọ sílé. N kò tíì tan iná. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú òtútù.

Nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ó jókòó lórí àpò ọ̀dùnkún, ó ní kí n fa òwú ara ògiri ya. Eruku dà sí mi lójú. Àgbélébùú Orest wà níbẹ̀, O.P. àti ọjọ́ oṣù wà lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní bí èèrà tí bàbá mi fi ń kọ gbogbo nǹkan, mo rí ohun tí n kò retí: Ó sún mọ́ ilẹ̀ jù. M.H.

Màmá Paraska wò ó títí. Ó ní kí n mú òun padà, ebi ń pa òun.

Ìràwọ̀ ti yọ nígbà tí a dé. Ó bu àlìkámà olóyin sínú àwo àwọn òkú, ó gbé e síwájú Orest.

“Metro ló ni èyí,” ló wí. “Sọ fún un ẹni tó yan ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ká jẹun.”

Èémí wa ń rú bí èéfín lórí tábìlì. Slavka kò wo ọkọ rẹ̀. Orest fi ọwọ́ méjèèjì di etí àwo náà mú.

“Metro,” ló wí. “Èmi ni.”

“Ó mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ sókè kí àwa náà mọ̀ ọ́n.”

Ó sọ ọ́ sókè. Ìgbà náà ni mo tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tan iná.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé páìpù rẹ̀ wá sí iwájú ilé, lókè, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yóò ti máa rí i. Oje elésè àlùkò kán sára pákó tuntun náà níbi mẹ́ta. N kò nù ún.